Ìka Mẹ́ta ní Ẹnu Alága

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ yóò gba ìgbájú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òun ni yóò jẹ ìyà ohun tí ẹnu sọ. Obìnrin kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n ti pa òwe yìí fún ní ìgbà tí kò lóǹkà láti ọdún 2016 wá. Àwọn tí ó ń pa á fún un a sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pa á tán, nítorí wọ́n rò pé àwọn ń dá a lára yá ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà ni ó ń dùn ún. Ẹnu ni gbogbo ènìyàn fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹnu ni òun fi ń wá oúnjẹ náà pẹ̀lú.

Alága ni. Ẹni tí ó bá ti dé ibi ìdána nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí alága ń ṣe. Alága ìjókòó dúró fún ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ń ṣojú ẹbí ọkọ. Àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ pé kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ni wọ́n ń dá orin, tí wọ́n ń ki ìdílé, tí wọ́n ń fi àwàdà yọ owó lápò àna, tí wọ́n sì ń ṣe àdúrà lé orí obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀. Bí ètò bá yá, wákàtí mẹ́ta ni; bí àwọn àna bá pẹ́ dé, ó di wákàtí márùn-ún. Ní àsìkò ìgbéyàwó, láti oṣù Kọkànlá títí wọ ọdún tuntun, alága tí ó bá lórúkọ lè ṣe ìdána méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo. Obìnrin yìí lórúkọ. Alága ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó ń pè é ní Ìyá Ìbejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe ìdána kan ní òwúrọ̀ ní Òṣogbo, ó tún ṣe òmíràn ní ọ̀sán ní Ẹdẹ. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, oorun ń kùn ún. Ó la ẹnu, ó yán. Nǹkan kan dún pákí níwájú etí rẹ̀ ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ó tó rí i pé ẹnu òun kò là dé ibi tí ó ń là dé tẹ́lẹ̀. Ṣíbí ògì wọlé, ṣùgbọ́n ègé àkàrà kò wọlé àfi ìgbà tí ó fi ọwọ́ já a sí kékeré. Ìrora ti ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ gba ẹ̀bátí lọ, ó sì ń wọ inú etí.

Nítorí pé inú etí ni ó ti ń ro ó, etí ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kán oògùn sí i. Ẹni tí ó yẹ etí náà wò lẹ́yìn èyí ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ó wá ku eyín. Àwọn tí wọ́n jọ ń ra aṣọ lọ́jà ti sọ ọ́ ṣáájú pé akokoro ni, pé akokoro a máa fara pamọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ní ilé ìwòsàn kékeré kan nígboro, wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn fún un. Ó gbé eyín náà délé nínú bébà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ọkọ rẹ̀ bá òun wò ó. Kò ní ihò, kò dúdú, kò sì jẹrà. Ó tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà kí wọ́n tó rí eyín náà fà tu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ kò sì lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Eyín lọ, ìrora gba ipò rẹ̀, ó tún fẹ̀ sí i.

Kì í ṣe pé ẹni tí ó yọ eyín náà jẹ́ ìkà. Bí ènìyàn bá wọlé, tí ó ní akokoro ni ó ń dààmú òun, tí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ti ń dun òun, tí ó sì kó owó sílẹ̀, ó ṣòro kí a tó sọ fún un pé kì í ṣe eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín àgbàlagbà tí a bá ti yọ kì í hù mọ́. Ìgbà tí alága bá rẹ́rìn-ín gan-an, àlàfo náà a máa hàn di òní olónìí.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro. A mọ akokoro, a mọ làkúrègbé, a mọ túúlu, a mọ ṣegede. Nínú gbogbo orúkọ tí ará ilé àti ará ọjà fi pe àìsàn yìí, kò sí ọ̀kan tí ó mú ibi tí ọ̀ràn wà dání. Ohun tí kò bá sì lórúkọ, àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà pé ó wà. Ẹni tí ó dá lẹ́sẹ̀, a rí i pé ó ń tiro. Ẹni tí ibà ń ṣe, a fọwọ́ kàn án, a mọ̀. Èwo ni ti obìnrin tí ó gbé ojú tútù jókòó, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wú, tí ó wá ń sọ pé òun kò lè jẹ ẹran?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan sí iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ sì rọra la ẹnu. Ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń yí lábẹ́ ìka yín, lẹ́yìn náà ó ń yọ́ bọ̀ síwájú. Oríkèé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn. Oríkèé ìgbọ̀nwọ́ ń ká, ó ń nà, ó parí. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yí bí ìdè ilẹ̀kùn, ó tún ń yọ́ síwá sẹ́yìn bí àpótí inú tábìlì, tọ̀tún tòsì sì gbọ́dọ̀ jọ ṣe é pọ̀ nítorí egungun kan náà ni àwọn méjèèjì gbé dání. Láàárín egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun orí, egungun rírọ̀ pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, tí ó rọ̀ bí etí ewúrẹ́, tí kì í jẹ́ kí líle máa gún líle. Bí ìyẹn bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, a lè gbọ́ ìró pákí. Bí ó bá sì kọ̀ tí kò padà, ẹnu lè há. Ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ẹ̀wẹ̀, àwọn iṣan tí ń bá ni jẹun ni ó rẹ̀, tí ó ń fà, tí ó ń ro wọ́n. Oríkèé fúnra rẹ̀ lè má ní àléébù kan tí ó pọ̀. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé ìrora yìí lọ sí ilé ìwòsàn.

Nípa ti etí, àṣìṣe alága kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1934, oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun kan ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, James Costen, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ń ráhùn etí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọ̀ràn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti da àlàyé tí ó ṣe nípa ohun tí ń fà á nù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣàkíyèsí dúró: ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa wọ aṣọ ìrora etí. Ní ọdún 2020, ìwádìí ńlá kan tí ilé ìmọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà gbé jáde sọ pé àwọn aláìsàn wọ̀nyí ń bọ́ sí àlàfo àárín dókítà ara àti dókítà eyín. Oníṣègùn etí yóò ní kì í ṣe tòun, oníṣègùn eyín yóò wo eyín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí dókítà pọ̀ sí, ẹ fojú inú wo Òṣogbo ní ọdún 2017.

Ọdún kan kọjá kí àna kan, tí alága ti bá ṣe ìdána ọmọ rẹ̀, tó júwe ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn fún un. Tọkọtaya náà jọ lọ ni. Dókítà eyín tí wọ́n bá kéré sí àkọ́bí wọn lójú, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn kí ó tó jókòó. Kò sáré mú ẹ̀rọ kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ to ìka yín mẹ́ta lé ara wọn lóòró, kí ẹ kì í bọ àárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀." Ìka mẹ́ta ara ẹni ni ẹnu tí ó pé sábà máa ń gbà, ó tó nǹkan bí ogójì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti alága gba ìka méjì, èkejì pàápàá há. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ egungun ojú, alága fò sókè lórí àga.

"Mà, ṣé ẹ máa ń payín keke lójú oorun?"

"Rárá o. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ó ní, "Dókítà, ó ń pa á. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti ń múra ìdánwò JAMB ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo rò pé àlá ni ó ń lá ni."

Ọdún méjì ni ó ti ń gbọ́ ọ, kò sì sọ. Alága kò bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Ìwó. Ìbejì méjì wọ yunifásítì pọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ méjì, owó ilé gbígbé méjì. Lọ́sàn-án ó ń fi àwọn àna rẹ́rìn-ín, lóru ó ń fi eyín lọ owó náà. Másùnmáwo nìkan kọ́ ni ó ń fa àìsàn yìí, àwọn dókítà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó yẹ kí ó sinmi lóru, tí ó wá ń ṣe alẹ́ bí ẹni ń ṣe ọ̀sán, ìgbà wo ni yóò sàn?

Ohun tí dókítà náà sọ kò dùn mọ́ alága nínú. Kò ṣèlérí pé yóò lọ pátápátá. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìtọ́jú tí kò le ni ó ń dín in kù, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Kí ó máa jẹ ohun rírọ̀. Kí ó má lanu ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ó dín ariwo kù. Alága béèrè bóyá ó mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Dókítà ní òun mọ̀ ọ́n, pé ẹnìkan bí alága ni ó gba owó lọ́wọ́ ọkọ òun títí ó fi yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun alága.

Bí ó ti ń gbé ilé pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Ète pọ̀, eyín ya: òfin kìn-ín-ní nìyẹn. Bí a kò bá jẹun, bí a kò sì sọ̀rọ̀, kò yẹ kí eyín òkè kan tìsàlẹ̀. Ibi tí ahọ́n máa ń wà bí a bá fẹ́ pe kọ́ńsónáǹtì n, ní ẹ̀yìn eyín iwájú lókè, ibẹ̀ ni kí ahọ́n máa gbé. Alága fi òwú pupa so ọwọ́ àpò rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá rí òwú náà, yóò bi ara rẹ̀ pé níbo ni eyín wà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìgbà tí ó bá bá wọn ní fífúnpọ̀ pọ̀ ju ìgbà tí ó bá wọn ní yíyà lọ. Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ a fi aṣọ ìnura tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, a gbé ahọ́n lé àjà ẹnu, a sì la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìjẹ́ kí ahọ́n kúrò níbẹ̀. Bí yíyán bá dé, a fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ró. Ẹni tí ó bá fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ pé nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí ọmọ Nàìjíríà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yẹ̀ kúrò ní oríkèé, yíyán ni ó fa tiwọn jù.

Wọ́n rọ ike líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá eyín òkè rẹ̀ mu, tí ó ń fi sẹ́nu sùn. Kò dá ìpayínkeke dúró, ṣùgbọ́n eyín kò fi eyín jẹ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ìró náà yí padà, ó dà bí ẹni ń fi ṣíbí ha abọ́ ike.

Oúnjẹ kò le tó bí a ti rò, orí ni ó sì bá Yorùbá ṣe é. Òkèlè kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lẹ́nu, mímì ni. Àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, ta ni ó ń fi eyín rún un? Ògì wà, mọ́ínmọ́ín wà, ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa wà, ẹja tútù wà. Àwọn aláìsàn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ búrẹ́dì àti ẹran pọ̀ mọ́ omi ni kí a bá kẹ́dùn. Ohun tí alága fi sílẹ̀ ni àgbàdo sísun, gúgúrú, àgbọn, ìrèké, ṣingọ́ọ̀mù, obì, orógbó, pákò jíjẹ àti ẹran tí ó bá yi. Pákò ni ó dùn ún jù lọ. Láti kékeré ni ó ti máa ń jẹ ẹ́ ní àárọ̀, òun àti ìyá rẹ̀, lórí òkúta ìdí kànga.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó le. Àwọn tí wọ́n jókòó sí kíláàsì Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama yóò rántí àtẹ fáwẹ̀lì: i àti u, àhánupè, e àti o, àhánudíẹ̀pè, ẹ àti ọ, àyanudíẹ̀pè, a, àyanupè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń há a sórí nítorí WAEC ni, bí wọ́n bá ti jáde nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ó tán. Wọn kì í bèèrè ohun tí ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹnu fi ń yà. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹ wá wo orúkọ iṣẹ́ obìnrin yìí: a-lá-ga. Àyanupè mẹ́ta ni, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Àna, a wà níbẹ̀. Ìdána, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrora kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yà tó, ọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ bá o. Ní ìdána kan ní ọdún 2018 ó kígbe pé, "Ọkọ ìyàwó ti dé o!" Ohun tí àwùjọ gbọ́ ni "Oko ìyàwó ti dé o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà tuntun ni, onílù sì gbà á, ó ń lù ú. Alága bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó délé, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń pe ọkọ, oko, ọkọ, oko, níwájú dígí.

Wọ́n ní ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti alága yàtọ̀, nítorí ohun tí ó ń dùn ún ni ó ń dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Ilé ni ó ti kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta sọ̀rọ̀ kò lè ya ẹnu ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ọkọ rẹ̀ bá bi í léèrè, yóò mi orí. Bí ó bá fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, yóò tì í padà. Ọkùnrin náà rò pé ó ń bínú sí òun, pé ó ti rí owó, ó wá ń gbéra ga. Òun náà di ẹnu. Ṣáájú ìrìnàjò Ìbàdàn yẹn, ó tó oṣù méje tí àwọn méjèèjì fi ń gbé ilé bí ayálégbé méjì, ìrora tí ẹnìkan kò rí ni ó jókòó láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wá parí ìjà tí ẹnikẹ́ni kò jà.

Níta, ọ̀ràn orógbó ni ó gbóná jù. Alága ìjókòó ti ṣàdúrà tán pé orógbó ni yóò gbó tọkọtaya sáyé, àwo sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí ọkọ rí i pé ó mú orógbó, ó kàn án mọ́ ètè, ó sì rọra tì í bọ inú ìṣẹ́po gèlè.

"Alága, ṣé orógbó ẹbí wa ni ẹ kò lè jẹ, àbí ẹ ń bẹ̀rù pé a fi nǹkan sí i?"

Gbogbo abẹ́ ìbòòrùn dákẹ́. Ta ni yóò dá bàbá náà lẹ́bi? Láàárín wa, ẹni tí a fún ní oúnjẹ tí kò jẹ ẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú láìlanu. Alága kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ó ti mọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí yóò fi pe àìsàn náà, bàbá náà sì ní akokoro ni, kí ó lọ yọ ọ́. Alága la ẹnu díẹ̀, ó fi àlàfo eyín hàn án. "Bàbá, mo ti yọ ọ́." Ẹ̀rín tú. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ó jókòó, tí ó sì fún àìsàn náà lórúkọ fúnra rẹ̀: oríkèé-kọṣẹ́. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ó ti ń sọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yin ẹbí wa, oríkèé-kọṣẹ́ ń bá mi gbé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi ti fẹ̀yìn tì, òsì nìkan ni ó kù lẹ́nu iṣẹ́. Òṣì kò ní wọlé yín o!" Wọn a ṣe àmín gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún fi orógbó lọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá a jẹ ẹ́.

Àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Houston ní kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, pé òyìnbó yóò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó wu alága. Dókítà Ìbàdàn ni ó sọ fún un pé ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fi oríkèé àtọwọ́dá kan tí ó ní Teflon nínú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà; ó rún wẹ́wẹ́, ó mú kí egungun jẹ, ìjọba wọn sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí sàn ju ìyẹn lọ, ó sì ní àwọn tí ó wà fún, ṣùgbọ́n àwọn tí oríkèé wọn ti bàjẹ́ jìnnà ni. Ní ọdún 2023 pàápàá, ìlànà tí ìwé ìṣègùn BMJ tẹ̀ jáde gbé ìdárayá ẹ̀rẹ̀kẹ́, fífi ọwọ́ tọ́ iṣan àti kíkọ́ ọkàn bí yóò ti máa gba ìrora mọ́ra síwájú, ó sì kìlọ̀ kí a má ṣe sáré yọ egungun rírọ̀ inú oríkèé. Àgbà obìnrin kan ní òkè Òṣogbo a máa fi àdí lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún alága. Ó ń tù ú, kò sì sí ohun ìyanu níbẹ̀: ìgbóná àti ọwọ́ ni dókítà náà ní kí ó lò. Gbẹ́rẹ́ tí ó fẹ́ sín tẹ̀lé e ni alága kọ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá ayẹyẹ dúró ní ọdún 2020, owó gbẹ, eyín sì ń ké lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kan ni ó dùn mọ́ ọn nínú gbogbo ọdún náà. Ìbòmú bo ẹnu gbogbo ayé, kò sí ẹni tí ó ń bi í pé kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín.

Ìdána kan ṣoṣo ni ó ń gbà ní ọ̀sẹ̀ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń bá a dá orin, òun ń ki ìdílé, ó sì ti mọ bí a ti ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn súnmọ́ ètè débi pé ohùn jẹ́jẹ́ tó. Owó tí ń wọlé kò tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní iná rẹ̀ ti jó rẹ̀yìn; àwọn mìíràn ní ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ wọ́n létí. Ìrora náà kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá láìgbúròó rẹ̀, kí ó sì jí ní òwúrọ̀ kan kí ẹnu gba ìka kan àbọ̀. Ní òpin ọdún tí ó kọjá, ó wọ̀n ọ́n níwájú dígí: ìka méjì wọlé fàlàlà, ẹ̀kẹta dé ààbọ̀ èékánná.

Lóru, bí ìró náà bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Yóò na ọwọ́ nínú òkùnkùn, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, yóò ní, "Ìyá Ìbejì, eyín." Obìnrin náà kì í jí. Àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ni yóò rọ̀ wọ ọwọ́ ọkùnrin náà.